Ọ̀kẹ́ Méje Ó Lé Ẹgbàajì: Ẹ̀kọ́ Lórí Òǹkà Kan Nínú Ìwé Ìfihàn

Ẹ̀yin ará àti alábàáṣiṣẹ́ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ òǹkà tí ó wà nínú Ìfihàn 7:4 wò. Iye àwọn tí a fi èdìdì sàmì sí ni 144,000. Nínú Bíbélì Mímọ́ tí àwọn baba wa kà, ọ̀kẹ́ méje ó lé ẹgbàajì ni a pè é. Ìṣirò náà pé pérépéré: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, iye owó ẹyọ tí àpò kan ń gbà láyé àtijọ́, ọ̀kẹ́ méje jẹ́ 140,000, ẹgbàajì sì jẹ́ 4,000.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí oníwàásù ní láti ṣọ́ra fún. Gbogbo wa ni a mọ ipò tí eéje wà nínú ìwé náà: ìjọ méje, èdìdì méje, ìpè méje. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ọ̀kẹ́ méje” lè rò pé eéje tún farahàn níhìn-ín, kí ó sì gbé ìwàásù kalẹ̀ lé e lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá fi 7 pín 144,000, yóò ṣẹ́ku 3. Ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà ka owó ni ó mú eéje yẹn wá, kì í ṣe Jòhánù. Ní èdè Gíríìkì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélógóje ni ó kọ.

Ejìlá ni ó wà nínú òǹkà yìí. Méjìlá lọ́nà méjìlá jẹ́ 144. Ẹ̀yà 12 ni ẹsẹ 5 sí 8 sì kà, 12,000 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní orí 21, ìlú mímọ́ jẹ́ 12,000 fúrúlọ́ńgì, odi rẹ̀ sì jẹ́ 144 ìgbọ̀nwọ́. Bí a bá tú 144,000 palẹ̀ títí dé orí àwọn òǹkà tí kò ṣeé pín mọ́, a ó bá 2 lẹ́ẹ̀meje, 3 lẹ́ẹ̀mejì, àti 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. (Kí ẹnikẹ́ni má tún tìtorí “lẹ́ẹ̀meje” yìí dìde!) Láti inú wọn ni òǹkà 96 ti jáde tí ó lè pín in láìṣẹ́kù. Síbẹ̀, bí 144 tilẹ̀ jẹ́ 12 lọ́nà 12, kò sí odidi òǹkà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò fi di 144,000: 379 kò tó o, 380 sì ti kọjá rẹ̀.

Èwo ni kí olùtúmọ̀ wá lò? Ẹgbàafà ni a pe 12,000, èyíinì ni ẹgbàá mẹ́fà. Ẹgbàá mẹ́fà lọ́nà méjìlá yóò jẹ́ ẹgbàá méjìléláàádọ́rin, etí sì lè bá ìṣirò yẹn lọ. Ọ̀kẹ́ dùn lẹ́nu jù ú lọ, ó sì ṣe ṣókí. Lójú tèmi, kò yẹ kí a lé e kúrò nínú Ìwé Mímọ́, bí a bá ti lè kọ 144,000 sí ẹsẹ̀ ojú-ìwé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò fi ọ̀kẹ́ kà mọ́. Bí a bá tìtorí tiwọn yan ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélógóje, a gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ 5 sí 8 padà pẹ̀lú sí ẹgbẹ̀rún méjìlá, kí ẹni tí ń gbọ́ kíkà náà lè ro ó pọ̀ fúnra rẹ̀.