Àìtètè Mólè

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òwe àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá owó ní báńkì láti fi ra ilé ló yẹ kó kọ ọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀. Èlé ni olè tó wà nínú ẹ̀yáwó ilé. Kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ló ń dé, òun ló sì ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀ kí ojú owó, ìyẹn iye tí a yá gan-an, tó rí nǹkan kan gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Máìlì 12 l'Ékòó yá ₦10,000,000 ní báńkì, ní èlé 28% lọ́dún, tí yóò sì san án tán ní ọdún 10. Nǹkan bíi ₦249,000 ni yóò máa san lóṣooṣù. Nínú èyí tó kọ́kọ́ san, nǹkan bíi ₦233,000 ló bá èlé lọ; ìyókù tó kan ojú owó kò tó ₦16,000! Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọdún 10 fi pé, gbogbo owó tó máa kó fún báńkì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 30. Ṣùgbọ́n bó bá lè máa fi ₦50,000 lé e láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni gbèsè náà máa tán, àpapọ̀ owó tó sì máa san kò ní pé mílíọ̀nù 20. Owó tó gbà kalẹ̀ lẹ́nu olè yẹn ju èyí tó yá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo bu iyọ̀ sí i. Òdiwọ̀n èlé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tó wà ní 11.5% ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ti di 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn báńkì yòókù sì máa ń gun orí rẹ̀ ni kí wọ́n tó yá èèyàn lówó. Ẹni tó yá owó nígbà tí ara ṣì dẹ̀, tó tọwọ́ bọ ìwé pé báńkì lè yí èlé padà, ibi tó jókòó sí ni èlé ti bá a.

Àwọn baba wa mọ irú gbèsè yìí. Samuel Johnson ṣàlàyé ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, ìyẹn ni èlé. Bó ro oko náà fún ogún ọdún, ojú owó ṣì wà digbí. Àfi ọjọ́ tí àwọn ẹbí bá kó o kalẹ̀. Ẹni tó ń san iye tí báńkì là sílẹ̀ fún un nìkan ní ọdún àkọ́kọ́, díẹ̀ ló fi sàn ju ìwọ̀fà lọ. Ìdí nìyí tí àfikún fi gbọ́dọ̀ tètè dé. ₦50,000 tó wọlé ní ọdún kìn-ín-ní máa gé èlé ọdún mẹ́sàn-án kúrò lórí ara rẹ̀, èyí tó bá di ọdún kẹwàá kó tó dé kò rí ju èlé oṣù díẹ̀ gé mọ́.

Síbẹ̀, gbogbo gbèsè kọ́ ló yẹ ká máa sáré san. Òfin ọdún 1992 ló dá àpò owó ilé kíkọ́ sílẹ̀, ìyẹn National Housing Fund, sábẹ́ Federal Mortgage Bank of Nigeria. Ẹni tó bá ń dá 2.5% owó tó ń wọlé fún un síbẹ̀ lè béèrè ẹ̀yáwó ilé ní èlé 6%, kó sì fi ọdún tó tó 30 san án. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Oníṣòwò náà lè wọ̀ ọ́. Bí ₦10,000,000 wa bá jẹ́ ti ibẹ̀, owó oṣù kò ní ju ₦60,000 lọ, àfikún ₦20,000 lóṣooṣù á sì sọ ọdún 30 di ọdún 16 àti oṣù márùn-ún. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹni tó rí irú owó yìí nímọ̀ràn pé kó máa sá kíjokíjo. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta FGN Savings Bond, tí ₦5,000 ti tó láti rà. Lópin ọdún 2024, èlé tí bọ́ǹdì yẹn ń san ju ìlọ́po méjì 6% lọ. Kí ló dé tí ẹ ó máa sáré san 6% nígbà tí ìjọba ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín? Àfi tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí owó kì í gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kó o fún báńkì kí ẹ sùn.

Níbo wá ni àfikún ti máa wá? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní Kétu àti Ìkòsí, kò sí ìsọ̀ tí alájọ kì í yà. Á dé nírọ̀lẹ́, á gba káàdì, á fàlà, á fi owó sínú báàgì tó gbé kọ́rùn, ó di ìsọ̀ kejì. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ń dá ₦2,000 lójúmọ́ á gba ₦60,000 ní oṣù tó bá ní ọjọ́ 31: ₦50,000 tí à ń wí wà níbẹ̀, ó tún ṣẹ́ ku. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á fi owó náà sílẹ̀ di oṣù kejìlá. Àjọ kò lélé, èlé báńkì kò sì dúró de Kérésì. Kí ẹ gbà á lóṣooṣù, kí ẹ sì gbé e lọ sí báńkì lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Nínú ilé ńkọ́? Àwọn obìnrin Alápẹ̀rẹ̀ kan mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n á dáwó jọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti wà ní Máìlì 12, wọ́n á ra odidi apẹ̀rẹ̀ ata kan, wọ́n á sì fi rọ́bà pẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n pín. Ọbẹ̀ kò yí padà, owó ló dín. Ṣùgbọ́n owó tó bá yọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ ẹbí á gbé e lọ. Ní tèmi, aṣọ ẹbí ń jẹ owó ilé ju epo jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ ra gèlè tàbí fìlà nìkan, kí ẹ wọ aṣọ tí ẹ ní sí i, kí ẹ jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó máa lé yín.

Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìkòkò fọ́. Ẹ rántí ọdún 2016. Ní oṣù kẹta, ìjọba Èkó ti ọjà Máìlì 12 pa lẹ́yìn rògbòdìyàn. Ní oṣù karùn-ún, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná, tòmátì sì di ọ̀wọ́n gógó. Oníṣòwò tó ti kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ fún báńkì ní ọdún bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ agbówó-èlé ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àfikún, ẹ kọ́kọ́ kó owó oṣù mẹ́ta jọ sọ́tọ̀, owó oúnjẹ àti owó báńkì pọ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín wà lápá Àgbòyí, tí omi Odò Ògùn ń yalé lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà. Oṣù tí ọjà bá yá, ẹ san púpọ̀. Oṣù tí ọjà bá dákú, ẹ san iye tó wà nínú ìwé, ẹ má bínú sí ara yín.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san gbèsè tán. Ẹ sì fi ìwé sọ fún wọn pé ojú owó ni kí wọ́n yọ àfikún yín lára rẹ̀; bí ẹ kò bá sọ, wọ́n lè kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀, olè á tún rí tirẹ̀ mú.

Bí ẹ bá san án tán, iṣẹ́ kù. Ìwé ilé yín ṣì wà lọ́wọ́ báńkì, orúkọ báńkì sì ṣì wà lórí ilé náà nínú ìwé ìjọba. Ẹ gba ìwé ilé yín padà, ẹ gba ìwé ìtúsílẹ̀ tí báńkì fọwọ́ sí, kí ẹ sì gbé e lọ fún àwọn tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Alausa l'Ékòó, kí wọ́n yọ gbèsè náà kúrò. Ẹ ṣe ìyẹn ná kí ẹ tó pe olórin.