Ẹ́ńjìnì Dísù: Iṣẹ́ Kì Í Tètè Pa Á, Ìdúró Lásán Ni Ó Ń Pa Á

Nínú àwọn ẹ̀bùn tí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi máa ń ta ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́rẹ, bọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ amúnáwá ńlá wà lára èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Epo dísù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ. Ìbéèrè tí olúwarẹ̀ máa ń bi ẹni tí ó tà á ni pé, “Ọdún mélòó ni yóò lò?” Ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ẹni tí ó tà á kọ́ ni ó lè dáhùn ìbéèrè náà tán, ọwọ́ ẹni tí a fi í lé lọ́wọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wà. A ó fi irú ọkọ̀ kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àìsàn tí ń ṣe é ni ó ń ṣe bọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ amúnáwá tiwa náà.

1. Bí ẹ́ńjìnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí sí ìlú Paris ní ọdún 1858, ni ó ronú kan ẹ́ńjìnì yìí, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Ní ọdún 1897, ní ìlú Augsburg, èyí tí ó ṣe yege nínú ìdánwò. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ó wà nínú epo ni ó sọ di iṣẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí ń lo oru omi gbígbóná láyé ìgbà náà kò lè ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Níbi àfihàn ńlá tí a ṣe ní Paris ní ọdún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n bù sínú ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, ó sì ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ débi pé ènìyàn díẹ̀ ni ó fura.

Ẹ́ńjìnì bẹntiróò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò ní i. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí yóò rántí pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni písítìn ẹ́ńjìnì dísù ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà, títí yóò fi kéré tó ìdá kan nínú 16 sí 20 àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Ooru rẹ̀ yóò wá kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni nọ́súlù yóò fọ́n epo sínú rẹ̀ bí ìkùukùu, epo náà yóò sì gbaná fúnra rẹ̀.

Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní, ẹ́ńjìnì tí yóò gba irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra gbọ́dọ̀ nípọn, kí ó sì lágbára. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àjàgbé ńlá tí a tọ́jú dáadáa fi lè rin mílíọ̀nù kan kìlómítà kí a tó tú u palẹ̀. Èkejì, ọ̀nà epo ni ibi ẹlẹgẹ́ rẹ̀. Ihò nọ́súlù kò fẹ̀ ju ìdá kan tàbí méjì nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ, àlàfo àárín irin àti irin nínú pọ́ǹpù epo sì kéré púpọ̀ sí fífẹ̀ irun orí. Akọni ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tín-ín-rín.

2. Ẹ̀rí tí ọkọ̀-ilé jẹ́

Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn kan, pàápàá àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, a máa ra ọkọ̀ tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọkọ̀-ilé. Ní Yúróòpù, orí ọkọ̀ Fiat Ducato tí ń jẹ dísù ni a kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó tóbi jù a máa gbé ẹ́ńjìnì dísù wọn sí ẹ̀yìn, ti Cummins sì wọ́pọ̀ lára wọn. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí wa: a ń rí i lára ẹ̀rọ amúnáwá káàkiri ilẹ̀ wa.

Ẹ́ńjìnì tí ó wà nínú ọkọ̀-ilé àti èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lè jẹ́ ìbejì, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé wọn yàtọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ń jáde lójoojúmọ́. Ọkọ̀-ilé ń sùn ní gbogbo ìgbà òtútù, oṣù mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù rẹ̀ lè rí i pé ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá kò tíì rin ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń rìn lọ́dún kan, kí inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó lè bá bátìrì tí ó ti kú, rọ́bà tí ó ti gbẹ, epo tí ó ti bàjẹ́ nínú táǹkì, àti táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán.

Nítorí náà, àwọn tí ó mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí kì í fi iye kìlómítà nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n a máa pa ọ́ìlì dà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n a sì máa fi ọjọ́ orí pààrọ̀ táyà, láìdúró dìgbà tí ojú rẹ̀ yóò fi jẹ tán. Ẹ wá wo bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tí a gbé kalẹ̀ ní gbogbo ìsinmi gígùn, tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tí a kò tàn mọ́ láti ìgbà tí a ti ra iná oòrùn. Ìgbésí ayé ọkọ̀-ilé ni wọ́n ń gbé.

3. Àwọn ọ̀tá márùn-ún

Omi inú epo. Bí táǹkì kò bá kún, afẹ́fẹ́ ni yóò dí àyè tí ó kù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ara táǹkì tutù, omi inú afẹ́fẹ́ náà yóò sẹ̀ sára irin bí ìrì. Omi wúwo ju dísù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Ní ààlà omi àti epo ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Wọn a di ohun yíyọ̀ tí ń dí asẹ́ epo. Omi fúnra rẹ̀ yóò sì mú kí pọ́ǹpù àti nọ́súlù dípẹtà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a rọ epo kún táǹkì kí a tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí a sì máa tú omi tí ó rọ̀ sí ìdí asẹ́ dànù. Kí a yẹra fún epo tí a ti fi kẹrosíìnì là, nítorí pé dísù ni ó ń mú kí irin inú pọ́ǹpù yọ̀ lára wọn, kẹrosíìnì kò sì ní ìyọ̀ náà tó.

Eruku. Ní àkókò ọyẹ́, asẹ́ afẹ́fẹ́ a máa tètè dí. Ẹ́ńjìnì tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò máa rú èéfín dúdú, yóò sì máa jẹ epo púpọ̀. Bí asẹ́ náà bá sì ya, eruku yóò wọlé, yóò sì máa ha sílíńdà bí iyanrìn. Kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ sọnù kí ó ní òun ń ṣọ́wó ná.

Ọ́ìlì tí ó ti gbó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dísù a máa dúdú láìpẹ́ tí a bá dà á sí i, nítorí náà àwọ̀ kò tó láti fi dájọ́. Wákàtí àti oṣù ni kí a máa kà. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá, wákàtí 250 ni ìwé ìtọ́sọ́nà ń sọ; ohun tí ìwé tiyín bá wí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Omi lásán nínú rédíétọ̀. Omi kànga a máa fi ìpẹtà àti èépá sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì títí ooru kò fi ní rí ọ̀nà jáde. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì ńlá kan, èéhó omi tí kò ní oògùn ìdáàbòbò lè lu sílíńdà jo. Kúláǹtì tí ilé iṣẹ́ bá sọ ni kí a lò.

Iṣẹ́ tí kò tó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí a bá tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lóríi ìdúró, a ti tọ́jú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná dáadáa yóò fi omi àti epo tí kò jóná sílẹ̀ nínú ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tí a ń fi tan gílóòbù mẹ́ta: bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, epo tí kò jóná yóò máa kóra jọ sínú páìpù èéfín. Kí a gbé bọ́ọ̀sì jáde sójú ọ̀nà kí ó gbóná. Kí a sì gbé ẹrù iná gidi lé ẹ̀rọ amúnáwá lórí.

4. Àkókò ìtọ́jú

Lójoojúmọ́ tí a bá lò ó: kí a wo ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, kí a sì wo ilẹ̀ bóyá ohunkóhun ń jò.
Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí a tú omi ìdí asẹ́ epo, kí a wo táyà àti bátìrì.
Lóṣooṣù, bí a kò bá tilẹ̀ ní ibi tí a ń lọ: kí a fi iṣẹ́ gidi sí i lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán.
Lọ́dọọdún: ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀, asẹ́ epo, àyẹ̀wò kúláǹtì, bẹ́líìtì àti gbogbo rọ́bà.
Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù.

5. Ẹ̀bùn àti iṣẹ́ ìríjú

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lójijì nígbà tí bọ́ọ̀sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, agbára tí ó ń ran bíréèkì àti ìdarí lọ́wọ́ yóò dín kù, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ awakọ̀ nìkan ni yóò sì kù. Ọmọ wa ni ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Asẹ́ epo tí a kò pààrọ̀ nítorí owó díẹ̀ lè di ohun tí a kò ní lè fi owó rà padà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Nínú orí karùndínlọ́gbọ̀n Ìhìnrere Mátíù, òwe méjì tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn wúńdíá aṣiwèrè gbé fìtílà wá láìmú epo mìíràn lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ aláìlérè sì ri tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rò pé òun ti pa á mọ́. Ẹni tí ó fúnni ní bọ́ọ̀sì láìronú nípa owó ìtọ́jú rẹ̀ ti gbé fìtílà wá láìní epo. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó fi tapólì bo ẹ̀rọ amúnáwá fún ọdún méjì, tí ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀, ti ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà kan rí pé bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnì tọrẹ, ẹ jẹ́ kí owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta bá a wá, bí orúkọ ẹgbẹ́ yín tí ẹ kọ sí i lára bá tilẹ̀ ní láti kéré díẹ̀. A bẹ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ máa béèrè ìwé ìtọ́jú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi ọmọ yín sínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, kò sì sí alákòóso rere tí yóò bínú sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ni ìdí tí ẹ́ńjìnì dísù kò fi nílò púlọ́ọ̀gì?
(b) Báwo ni omi ṣe ń dé inú táǹkì tí ẹnikẹ́ni kò bu omi sí?
(d) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín títan ẹ́ńjìnì lásán àti fífi iṣẹ́ sí i lọ́wọ́?
(e) Nínú ilé, nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ̀bùn wo ni ó wà tí a rò pé a ń pa mọ́, ṣùgbọ́n tí ìdúró lásán ti ń bà jẹ́?