Kí O Tó Fi Kíláàsì Lárúbáwá Sílẹ̀ Nítorí JAMB

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí àwa tí a ń kọ́ni ní ilé kéwú ń rí lọ́dọọdún. Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, orí ẹní á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ní ilé-ìwé ìjọba náà, ọmọ SS3 á sọ fún olùkọ́ pé òun kò ṣe Lárúbáwá mọ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ṣé ọgbọ́n ni? Ìdáhùn ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti ẹ̀sìn. Àwọn onímímọ̀ pín ìmọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn sí méjì. Èkínní di dandan fún olúkálukú: mímọ Ọlọ́hun, àlùwàlá, ìrun, ààwẹ̀, àti ohun tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ nínú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Èkejì, bí àwọn kan láàárín ìlú bá ti mọ̀ ọ́n tó, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Imam Ghazali, tí ó kú ní 1111, ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò mọ́ irú kejì yìí nínú Ihya. Nítorí náà, ọmọ tí ó fi náháwù àti sáráfù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ó lè wọ ẹ̀ka ìṣègùn kò sá kúrò nínú ẹ̀sìn lọ sínú ayé, bí àníyàn rẹ̀ bá dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín, ìbáà ṣe áfáà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ àlùwàlá àti ìrun rẹ̀ dáadáa, kò sí JAMB tí ó lè yọ ọ́ kúrò nínú kíláàsì ìyẹn.

Ó wá ku ti ìwé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ti ìlẹ̀kùn. Yunifásítì kì í wo máàkì JAMB nìkan. Ó ń fẹ́ kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, láti A1 dé C6, ó sì ń wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí o ṣe ní JAMB. Ẹni tí ó ń lọ sí ìṣègùn, Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì ni tirẹ̀ ní JAMB. Fi ìṣirò kún un, márùn-ún ti pé ní WAEC. Lárúbáwá kò ní àyè níbẹ̀. Bí ó bá wúwo fún un, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ti ọmọ kíláàsì Áàtì yàtọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ka Òfin, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì kò ní gbójú fò, ṣùgbọ́n Lárúbáwá tàbí IRK lè wà lára àwọn yòókù. Ní Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ òfin Ìsìláàmù, wọn a máa béèrè Lárúbáwá tàbí IRK gan-an. Mélòó nínú yín ni ó mọ̀ pé JAMB fúnra rẹ̀ ń ṣe ìdánwò lórí méjèèjì? Ọmọ tí ó ti ka kéwú fún ọdún mẹ́jọ, tí ó wá fi Lárúbáwá sílẹ̀ láti lọ bẹ̀rẹ̀ Gọ́fúmẹ́ǹtì ní SS3, èrè wo ni ó ń wá? Ta ni ó sọ fún un pé Lárúbáwá kì í ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì gidi?

Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ni kí o kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́ ni kí o gbọ́. Wo ẹ̀ka tí o fẹ́, kí o sì wo èyí tí o lè yà sí bí ti àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i. O lè yí ẹ̀ka padà lẹ́yìn ìdánwò, ṣùgbọ́n o kò lè yí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí o ti jókòó ṣe padà. Bí WAEC bá sì ti parí ìforúkọsílẹ̀, èyí tí o yọ kò ní wọlé mọ́ nínú ìdánwò náà.

Lẹ́yìn ìwádìí ni istikhara: ráká méjì tí kì í ṣe ìrun ọ̀ranyàn, lẹ́yìn náà àdúà tí Ànábì (s.a.w.) fi kọ́ àwọn sàhábà, tí Jabir gbà wá, tí ó sì wà nínú Bukhari. Àlá kò sí lára májẹ̀mú rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí wọ́n ń sùn tí wọ́n ń retí àlá títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá.

Bí o bá wá fẹ́ lọ, má yọ́ lọ. Kí ìwọ àti òbí rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ jọ wá bá áfáà rẹ, kí o dárúkọ oṣù tí o máa padà. Béèrè bóyá wọ́n lè gbà ọ́ sí kíláàsì Sátidé àti Sánńdè, kí èyí tí o ti kà má baà parẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ni mo tilẹ̀ ń bá wí jù. Bí ilé bá ti yọ yín kúrò nítorí JAMB, iṣẹ́ ilé àti ọjà ni ó máa ń gba ìrọ̀lẹ́ náà lẹ́yìn ìdánwò, pípadà a sì di ọ̀rọ̀ ọdún tí ń bọ̀. Ẹ gba àdéhùn ìpadà lẹ́nu ìyá yín kí ẹ tó ká ẹní.