Ọmọ Ọwọ́ Níwájú Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959, ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà nígbà náà kò pọ̀. Ilé olówó ni àwọn aládùúgbò máa ń péjọ sí láti wò ó. Ní òde òní, àwòrán ti kúrò nínú àpótí, ó ti wọ inú fóònù, fóònù sì ti bọ́ sí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì lè rìn.

Kò yẹ kí a tètè dá ìyá ọmọ lẹ́bi. Obìnrin tí ó ń rokà lórí iná, tí kò sí ìyá àgbà nílé tí yóò bá a gbé ọmọ, kò lè ṣàì wá ohun tí yóò rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò sì sí ohun tí í tètè pa ọmọ lẹ́nu mọ́ bí fóònù. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà gan-an ni ó yẹ kí ó kọ òbí lóminú.

Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 9 tí a ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ́. Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Ṣáínà jókòó ti àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ní ìgbà 12, wọ́n ń kàwé fún wọn, wọ́n sì ń bá wọn ṣeré. Àwọn ọmọ mìíràn kò rí ènìyàn. Àwòrán àwọn olùkọ́ kan náà ni wọ́n ń wò nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí wọ́n bá ènìyàn jókòó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìró èdè Ṣáínà. Àwọn tí wọ́n wo àwòrán kò sàn ju àwọn tí kò gbọ́ èdè náà rí lọ.

Àwòrán kì í dáhùn. Bí ọmọ bá nàka sí adìyẹ, ìyá rẹ̀ a ní, “Adìyẹ ni.” Ọmọ a ní, “Díyẹ.” Ìyá a rẹ́rìn-ín, a sì tún un pè. Ọmọ Yorùbá kò sì lè ṣe aláìní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn nìkan ni ó ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ta ni yóò tọ́ ọ sọ́nà nínú fóònù bí ó bá ṣì í pè?

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má ṣe jókòó ti àwòrán ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Bí ó bá dín sí i, ó tún dára jù. Wákàtí 10 sí 13 ni oorun ọmọ ọdún 3 àti 4.

Ohun kan wà tí àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà yọ sọ́tọ̀ ní ọdún 2016: kí ọmọ máa fi ẹ̀rọ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìyá àgbà tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lè fi fóònù kì í ní oríkì rẹ̀. Bí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà rí i, ó sì dá a lóhùn.