Olófòófó Kò Gbẹgbàá: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Tú Àṣìírí Ìwà Ìbàjẹ́ Níbi Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbára lé láti pa ẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọ̀gá ń kó owó jẹ, tàbí pé orúkọ ayédèrú òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri nítorí ojú rere ni òwe náà ń bá wí. Kò kan atúṣìírí, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó rí ìwà ìbàjẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó sì fi tó ẹni tó lè dá a dúró létí nítorí ire gbogbo ènìyàn. Ẹni tó dákẹ́ kí ó lè rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀ ló ní òwe tirẹ̀, nítorí ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé ẹni tí ìròyìn rẹ̀ bá jẹ́ kí a rí owó ìlú tí wọ́n jí gbà padà yóò gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló darí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì, sí ilé kan ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti bá owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là. Síbẹ̀, ìlànà kì í ṣe òfin: ní ọdún 2017 kan náà, wọ́n lé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó tú àṣìírí kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n tó padà pè é lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ̀kọ́ tó sún mọ́lé jù wà ní Òṣogbo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù tí wọn kò rí gbà, Adájọ́ Fọláhànmí Olóyèdé ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé kí wọ́n wádìí bí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe ń ná owó ìpínlẹ̀. Ilé náà ní ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2016, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Orílẹ̀-Èdè dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ipá fẹ̀yìn adájọ́ náà tì, wọ́n ní ìwé tó kọ kò bá iyì ipò tó gbọ́dọ̀ yàgò fún òṣèlú mu. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbáà rò nípa ìdájọ́ yìí, ó fi hàn pé ìgboyà nìkan kò tó. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wo ipò tó wà, ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́, àti ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, kọ ọjọ́, iye owó àti ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí sílẹ̀, kí ó sì ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára àgbọ́sọ. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, tó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, tún sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ ìjọba tó tú àṣìírí ìwà jìbìtì tàbí ìnákúnàá síta pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tó nídìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ ní gbangba pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Òfin ọdún 2000 tó dá ICPC sílẹ̀, àjọ tó ń wádìí rìbá àti àjẹbánu, pàṣẹ pé kí a pa orúkọ ẹni tó mú ìròyìn wá mọ́. Bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá wà nínú ọ̀ràn, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìwé ẹ̀sùn lọ tààrà, kí ó má kọ́kọ́ dé etí àwọn ẹlẹgbẹ́ ní ibi iṣẹ́.

Àwọn àgbà tún ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹrù dídáàbò bo ẹni tó bá sọ òtítọ́ wà lọ́rùn àwọn aṣòfin àti àwọn olórí iléeṣẹ́. Gánà ti ṣe òfin tó dáàbò bo atúṣìírí láti ọdún 2006; kò yẹ kí Nàìjíríà máa fi ìlànà lásán tu àwọn tirẹ̀ nínú. Kí olórí kọ̀ọ̀kan sì yan ẹni tí kò sí lábẹ́ akápò láti máa gba ẹ̀sùn, kí ó wádìí ẹ̀sùn kí ó tó wádìí ẹni tó mú un wá, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ òtítọ́.