Fífi Cruise Control Sí Ọkọ̀ Tí Kò Bá A Wá

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń rìn lójú títì wa ni kò ní cruise control, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ di eré kan mú, bóyá nítorí pé wọ́n ti pẹ́, bóyá nítorí pé èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú irú wọn ni ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á mú. Ẹni tí ó bá ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin mọ bí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe máa ń ro ó. A lè fi ẹ̀rọ náà sí i. Iṣẹ́ tí rewáyà tó mọṣẹ́ lè ṣe ni, ẹni tó ní sùúrù tí ó sì lè lo mítà ìwọn-iná náà lè gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí: kí ẹ̀rọ di iná mú kò ṣòro. Kí ó jù ú sílẹ̀ kíákíá, nígbàkígbà tí awakọ̀ bá fẹ́, láìkùnà rárá, iṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí kì í ṣe. Kì í wa ọkọ̀. Kò rí ọkọ̀ tó wà níwájú yín, kò mọ̀ pé kòtò wà lọ́nà, kò sì lè tẹ bíréèkì. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ní irú tí ń fi rédà wo iwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn là ń sọ. Kò sì jọ ẹ̀rọ adíwọ̀n-eré tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí ọkọ̀ akérò máa lò. Ìyẹn ń dènà kí ọkọ̀ kọjá iye kan, ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣì wà lórí pẹ́dà iná. Cruise control ní tirẹ̀ máa ń bá yín tẹ iná, kí eré tí ẹ yàn má baà dín tàbí kí ó lé. Mo ti rí àwọn tó lọ sọ́jà láti ra ọ̀kan, tí wọ́n gbé ìkejì bọ̀.

Ọkùnrin tí ó ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí kò fojú rí ọ̀nà. Ralph Teetor, ọmọ Hagerstown ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà, ti fọ́jú láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọdún 5. Síbẹ̀ ó di ẹnjiníà, ó sì di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Perfect Circle tí ń ṣe ríìngì písítìnì. Wọ́n sọ pé agbẹjọ́rò rẹ̀ a máa fi ọkọ̀ gbé e, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ a falẹ̀, bí ó bá ń gbọ́rọ̀ ọkọ̀ a sáré, Teetor kò sì fara mọ́ fífà-síwájú-fà-sẹ́yìn yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe kọjá máìlì 35 ní wákàtí kan, nǹkan bíi kìlómítà 56, kí rọ́bà àti epo lè tó lò, dídi eré kan mú sì wá di ohun tí gbogbo awakọ̀ nílò. Ọdún 1950 ni Teetor gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Chrysler sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ọkọ̀ ní 1958. Èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe kì í di iná mú: ńṣe ni ó ń ti ẹsẹ̀ awakọ̀ padà tí eré bá ti tó iye tí ó yàn. Ìgbà tó yá ni dídì-mú wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni jíjù-sílẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ wo ẹni tí ń fi igi dáná àmàlà. Bí omi bá fẹ́ ru dànù, yóò fa igi sẹ́yìn díẹ̀. Bí omi bá fẹ́ dákẹ́, yóò ti igi wọlé. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò. Cruise control náà ní ojú tí ń wo eré ọkọ̀, ó ní ọpọlọ tí ń fi eré náà wé èyí tí ẹ yàn, ó sì ní ọwọ́ tí ń ṣí throttle, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, tàbí kí ó pa á dé díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, eré á fẹ́ lọ sílẹ̀, ọwọ́ náà á ṣí i sí i. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á pa á dé. Tí ìsọ̀kalẹ̀ bá gùn jù, ọkọ̀ yóò sáré kọjá iye tí ẹ yàn, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní bíréèkì. Ẹsẹ̀ yín ni yóò ṣe ìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe, kí ẹ tó ná ohunkóhun, ni pé kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tẹ pẹ́dà iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin sì máa wo throttle. Bí ẹ bá rí wáyà onírin tí ń fà á, ọkọ̀ oníkébù ni. Bí kò bá sí kébù, tó jẹ́ pé mọ́tò kékeré kan ló ń ṣí i, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ló ń darí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an, ìnáwó wọn náà yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ oníkébù bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọkọ̀ yìí nílò ẹ̀rọ òde tí a ó rà lódindi: àpótí tí ń fa kébù, kébù tirẹ̀, bọ́tìnnì, àti ìdì wáyà. Àpótí náà jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ń lo fákúùmù, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù fi ń fa afẹ́fẹ́ mu. Ìkejì ń lo mọ́tò iná. Olófákúùmù dára, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ń gun òkè gígùn tí throttle sì ṣí sílẹ̀, fákúùmù á rẹ̀yìn lásìkò tí a nílò rẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi agolo ìpamọ́ kan sí i pẹ̀lú fáàfù tí kò jẹ́ kí ó jò padà. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní irú fákúùmù bẹ́ẹ̀, nítorí náà mọ́tò iná ni kí onídísù rà. Ní tèmi, èmi yóò gba ẹnikẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó ra onímọ́tò, àyàfi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ní òpó fákúùmù tó dára.

Dídè kébù mọ́ throttle ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti lọ pẹ̀lẹ́ jù lọ. Kébù tuntun kò gbọdọ̀ fa throttle nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba ni. Bí ó bá le jù, ẹ́ńjìnnì á máa hó nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí ó bá dẹ̀ jù, ọkọ̀ á máa sọ eré nù kí ọwọ́ náà tó rí i mú. Ẹ̀wọ̀n kékeré oníbọ́ọ̀lù tí ó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde wá ni a fi ń so ó, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ lè ṣí throttle fúnra rẹ̀ láìfa àpótí náà. Kí ẹ jẹ́ kí kébù náà jìnnà sí páìpù èéfín gbígbóná, kí ó má sì ṣẹ́ kọ́rọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ fi ọwọ́ ṣí throttle dé òpin, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà pátápátá, kíákíá, láìsí ìfà-sẹ́yìn. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Bí kò bá padà dáadáa, iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde.

Ojú tí ń wo eré wá kù. Àwọn ọkọ̀ tí mítà eré wọn jẹ́ oníná ti ní ẹ̀rọ ìwọn-eré lára jíà. Ó máa ń fi ìlù iná ránṣẹ́, a sì lè so wáyà kan mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun yín gbọ́dọ̀ mọ iye ìlù tí ọkọ̀ yẹn ń fi ránṣẹ́ fún máìlì kan: àwọn ọkọ̀ GM kan ń lo 4000, àwọn Ford kan ń lo 8000. Ṣíṣí bọ́tìnnì kékeré lórí àpótí náà ni a fi ń sọ ìyẹn fún un. Ọkọ̀ àtijọ́ tí mítà rẹ̀ ṣì ń lo kébù kò ní ìlù kankan láti fún wa. Fún irú èyí, a máa ń de òòfà mọ́ ọ̀pá tí ń yí táyà, a sì fi ojú kan (sensor) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò máa kà á. Ẹ̀rọ tó dára tún máa ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kí ó lè ju iná sílẹ̀ bí ẹnìkan bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì tí ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Bíréèkì ni olùdáǹdè wa. Wáyà iná bíréèkì ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ẹ ti tẹ bíréèkì, kí ó lè já. Nínú olófákúùmù tó dára, fáàfù kan tún wà lára pẹ́dà bíréèkì tí ń tú fákúùmù dànù, kí ó jẹ́ pé bí iná bá kùnà, afẹ́fẹ́ kò ní kùnà. Ó wu mí kí ẹ ní méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde tún ń fi gílóòbù iná bíréèkì ṣe ilẹ̀ (earth) fún wáyà wọn. Bí gílóòbù bá ti jó tán, ẹ̀rọ náà kò ní gbà láti di iná mú. Bí ẹ bá ti yọ gílóòbù àtijọ́ kúrò tí ẹ fi LED sí i, ẹ̀rọ náà lè má rí ilẹ̀ tó fẹ́, ẹ ó sì nílò rílèè, ìyẹn swíìṣì oníná, láàárín. Ọkọ̀ oníkúlọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní swíìṣì lórí pẹ́dà kúlọ́ọ̀ṣì náà.

Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, inú yín á dùn. Ọ̀pọ̀ Toyota Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láàárín 2009 sí 2013, tí irú wọn pọ̀ lójú títì wa gẹ́gẹ́ bíi tòkúńbọ̀, ti ní ọgbọ́n cruise control nínú brain box wọn. Ọ̀pá bọ́tìnnì kékeré tó wà lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ sítíárìn ni kò bá wọn wá. Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ibikíbi tí wọ́n bá ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ni ẹ ti lè rí i. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó: ọ̀pá Toyota ń fi ìdènà iná sọ̀rọ̀, bíi 240 ohm fún ìpadà sí eré àtijọ́, 630 fún yíyan eré, 1540 fún ìfagilé. Èyí tí kò bá fi iye wọ̀nyẹn hàn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sítíárìn, ẹ yọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán, kí iná tó kù nínú àpò afẹ́fẹ́ ààbò lè tán. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má fo èyí. Àpò náà ní ìbúgbàmù nínú, ó lè ṣe ojú léṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àpò náà, ẹ de ọ̀pá náà sí ààyè rẹ̀, ẹ so wáyà rẹ̀, ẹ gé ihò sí ìbòrí ìsàlẹ̀ sítíárìn tàbí kí ẹ ra ìbòrí oníhò. Tí ẹ bá so bátìrì padà tí ẹ sì tẹ orí ọ̀pá náà, iná CRUISE yẹ kí ó tàn nínú mítà. Tí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí wáyà tí ń gba inú sítíárìn kọjá má dé ibẹ̀, tàbí kí swíìṣì bíréèkì má pé.

Ìdánwò ojú ọ̀nà wá kù. Ẹ wá ojú ọ̀nà gbọọrọ tí kò kún, lọ́sàn-án, tí òjò kò rọ̀. Toyota kì í gbà á kí eré tó dé nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí. Ẹ yan ìwọ̀n kékeré, bíi 60. Kí ẹ tó wo bóyá ó di iná mú dáadáa, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ó jù ú sílẹ̀: ẹ fọwọ́ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tún yan eré, ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì bí ó bá wà, ẹ tún yan, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfagilé, ẹ tún yan, ẹ pa á pátápátá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ẹ pa á, ẹ wa ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ wá lè wo bí ó ṣe gun òkè.

Ojú ọ̀nà olómi àti èyí tó kún fún kòtò kì í ṣe ibi tí a ti ń lò ó: táyà tó bá yọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fún ọkọ̀ ní iná ní ìgbà tí kò yẹ. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹ fún un, tí ẹ kò bá kọjá 100 tí òfin fàyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ han gbogbo ẹni tí ń bá yín wa ọkọ̀ náà, kí wọ́n tó jókòó sídìí sítíárìn.