Mo Ti Jẹ́jẹ̀ẹ́ Títí, Mo Tún Padà Sídìí Tẹ́tẹ́

ÌBÉÈRÈ

Pásítọ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, àmọ́ Accra ni wọ́n bí mi sí. Èmi àti màmá mi la jọ ń ta bàtà ní ọjà Makola. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́. Kò sí ìṣọ́ òru tí n kì í jáde síwájú, kí n sunkún, kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní ta á mọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní England, ọwọ́ mi á ti wà lórí fóònù. Lóṣù tó kọjá, mo mú 1,000 sídì nínú owó àjọ tí àwọn ará ìsọ̀ wa kó sọ́wọ́ mi, mo fi ta á. Tíkẹ́ẹ̀tì náà já. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Ṣé kì í ṣe pé Ọlọ́run ti kọ̀ mí sílẹ̀? Kí ló tún kù tí n kò tíì ṣe?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sú, Accra

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn rẹ. Bí Ọlọ́run bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò ní máa dùn ọ́ tó báyìí. Pétérù fọ́nnu lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun ò ní sẹ́ Jésù láéláé. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Jésù jíǹde, tó lọ bá a létí òkun Tìbéríà, ẹja ti wà lórí iná fún un. Kò ní kó wá búra mìíràn. Ó bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Fi èyí sọ́kàn, torí pé ẹ̀jẹ́ ti pọ̀ jù nínú lẹ́tà rẹ.

O bi mí pé kí ló kù. Ohun tó kù ni pé o ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìjọ ló ti rí omijé rẹ, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ò mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣọ́ òru o, èmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ tí èèyàn dá jẹ́ ní òru Fúráìdé, òun nìkan náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ọ̀sán Sátidé. Bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o mú owó wá kí òun fi lé ẹ̀mí tẹ́tẹ́ jáde lára rẹ, tẹ́tẹ́ mìíràn nìyẹn, má ta á.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, sọ ìtàn Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìwé Confessions. Ọmọ Thagaste ni àwọn méjèèjì, níbi tí a ń pè ní Algeria lónìí. Wíwo eré ìdárayá ti kọ́kọ́ gba Alypius lọ́kàn ní Carthage, ó sì jáwọ́ níbẹ̀. Ó wá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Róòmù. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ́ ọ lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń fi idà jà títí dójú ikú. Ó ní wọ́n lè gbé ara òun lọ, wọn ò lè gbé ojú òun. Ó jókòó, ó di ojú pinpin. Ẹnì kan ṣubú, gbogbo èrò ké. Alypius lajú kó lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì lè gbé ojú kúrò mọ́. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ojú ló dì, kò dí etí. Àṣìṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó ti gbà láti jókòó síbẹ̀.

Tìrẹ ńkọ́? Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó fẹ́ ta púùlù á wọ bàtà, á jáde nílé, ojú á rí i. Lónìí, inú fóònù kan náà ni owó MoMo rẹ àti tẹ́tẹ́ wà; ìka kan ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, pa ohun tí o fi ń ta á rẹ́ lórí fóònù, kí o sì ní kí iléeṣẹ́ náà ti àkáǹtì rẹ pa. Jẹ́ kí owó bàtà máa wọ orí nọ́ńbà màmá rẹ. Fóònù kékeré tí kò ju kí èèyàn fi pe èèyàn lọ tó fún ọ ní ọ̀sán Sátidé. Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ ò sí nínú èyí. Ẹni tó mọ ibi tí òun ti máa ń ṣubú tó sì yà fún un, ìgbàgbọ́ ló fi ṣe é.

Owó àjọ ló wá le jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ti máa ń sáré kọjá. Sákéù ò sunkún nínú Bíbélì. Ó dìde dúró, ó ní òun á san ohun tí òun fi ìrẹ́jẹ gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọjọ́ náà ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé rẹ̀. 1,000 sídì yẹn, owó ẹni tó fẹ́ fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni, owó ẹni tó fẹ́ fi ra ọjà ni. Sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dá àjọ kó tó kan ẹni tó máa kó o. Fi àpò àjọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí o dá iye tí wàá máa san lọ́sẹ̀, kí o sì san án. Wọ́n á bínú, wọ́n á sì bú ọ. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá àgbà kan nínú ìjọ tí wàá máa jábọ̀ fún. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni kó jẹ́. Ní November 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá dá sílẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, àwọn díẹ̀ tó kù ò sì pa ilẹ̀kùn dé. Bí bàbá kan lára àwọn tó kù nígbà náà bá ṣì wà ní ìjọ rẹ, bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti rí ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo kò ní sá fún ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ kan.

O lè tún ṣubú. Ìwé Òwe ní olódodo lè ṣubú nígbà méje kó sì tún dìde. Tó bá ṣẹlẹ̀, má dúró de ìṣọ́ òru tó ń bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí o pe bàbá yẹn. Alypius náà dìde: Milan ni wọ́n ti rì í bọmi pẹ̀lú Augustine ní ọdún 387, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Thagaste ìlú rẹ̀.

Màmá rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìsọ̀. Lónìí ni o. Tí o bá ti sọ ọ́ tán, kọ̀wé sí mi.